Ẹrù Tí Jùbrílù Ń Gbé Wọ Igbó

Ẹni tó ti rìn nínú igbó títí ewú fi bo orí rẹ̀, ẹ má sọ fún un pé kó wá jókòó sẹ́bàá títì. Wọ́n sọ ọ́ fún Jùbrílù, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún ju egungun tó kán lọ.

Ọmọ Ìjemọ̀ ni Jùbrílù, nínú Abẹ́òkúta. Òwò aṣọ ni àwọn baba rẹ̀ ń ṣe kí wọ́n tó bí i, gbogbo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì gba ìdí òwò lọ. Òun nìkan ló gba igbó lọ. Ẹ̀ṣọ́ igbó ọba ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa rìn láàárín àwọn igi tíìkì ìjọba, kó máa wo èyí tí olè ti gé, kó máa fi ọ̀dà funfun sàmì sí èyí tó tó gé, kó sì máa sùn nínú igbó títí yóò fi yí apá tirẹ̀ ká tán. Kì í sùn sílẹ̀. Ìjàlọ kì í béèrè iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe kó tó bù ú jẹ, àgbàrá òjò kì í sì í yà fún ẹni tó ti rẹ̀. Ibùsùn àsorọ̀ ló ń lò, èyí tí àwọn ará ọ́fíìsì wọn ń pè ní hámọ́ọ̀kì: aṣọ kánfáàsì gígùn kan tó ní okùn lórí àti lẹ́sẹ̀. Yóò so ó mọ́ igi méjì, yóò ta tapólì bò ó lókè nítorí òjò, yóò sì sùn sínú rẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n.

Nígbà òjò ọdún 1981, ó yọ̀ lórí àpáta kan, ó fi èjìká ọ̀tún gúnlẹ̀, egungun ibẹ̀ sì kán. Wọ́n tò ó, ó jiná. Ṣùgbọ́n èjìká tó ti kán rí dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tún ṣe: ó ń ṣí, ó ń pa dé, àmọ́ ó ń dún. Nídìí iṣẹ́ wọn, oníkálukú ló sì ń gbé ẹrù ara rẹ̀. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, pè é jókòó. Kì í ṣe èèyàn burúkú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, nítorí Jùbrílù ju ọ̀gá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, "ẹ sinmi títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Tẹ́ ẹ bá lè gbé àpò yín wọ igbó nígbà náà, ibi yín ṣì wà níbẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, a ó gbé yín lọ sídìí igi ìdábùú létí títì, kẹ́ ẹ máa yẹ ọkọ̀ àwọn agégẹdú wò. Àga wà níbẹ̀. Ibòji wà níbẹ̀."

Jùbrílù dúpẹ́. Nígbà tó délé, kò jẹun.

Ìyàwó rẹ̀, Sìlífátù, jẹun ní tirẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sínú. Ní Ṣàpọ́n ló ti ń ta òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, tí wọ́n fi bí Títílọlá, tí Títílọlá fi dàgbà tó wọ ilé ọkọ l'Ékòó, òjò kankan ò tíì rọ̀ sórí páànù wọn nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà nínú igbó kí ọkàn Sìlífátù balẹ̀. Á máa ro ejò. Á máa ro ẹ̀ka igi tó lè já. Á máa ro àwọn tó ń jí gẹdú gé, bóyá wọ́n á pàdé rẹ̀ tòun ti àdá lọ́wọ́. Lójú tirẹ̀, àga létí títì sàn ju ibùsùn tó ń fì dirodiro láàárín igi méjì lọ.

Ohun tó yí ọkàn rẹ̀ padà ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó tètè ti ìsọ̀ dé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó sì rí ọkọ rẹ̀ tó gbé àpò igbó kọ́ ẹ̀yìn, tó ń rìn láti ìdí ògiri lọ sídìí kànga, tó ń padà. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó fi eyín di ètè mú. Nígbà tó tún dé ìdí kànga, ó sọ àpò náà kalẹ̀, ó sì jókòó tì í. Kò rí ìyàwó rẹ̀. Ó ṣí ẹnu àpò, ó fa etí ibùsùn kánfáàsì náà jáde, ó fi bo imú, ó sì ń gbóòórùn rẹ̀ bí abiyamọ ṣe ń gbóòórùn orí ọmọ.

Sìlífátù fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ó dúró lójúde títí ara rẹ̀ fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wúkọ́, ó kí àwọn ará ilé kejì pẹ̀lú ohùn rara, ó sì tún wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé.

Nígbà tí wọ́n kírun alásárì tán, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá Títí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú àpò yẹn."

"Àpò wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ jókòó, mo máa gbé e wá."

Ó fi ọwọ́ kan fà á, kò mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ṣe ló wọ́ ọ nílẹ̀ dé ìdí máńgòrò, ìyàlẹ́nu sì bá a, nítorí láti ọjọ́ tó ti ń bá ọkọ rẹ̀ palẹ̀ ìrìn àjò mọ́, kíkó ló ń kó nǹkan sínú àpò yìí, kò gbé e rí. Ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Ẹni tó ń bá a dì í kì í mọ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kúbùsù kan ló kọ́kọ́ jáde, ó nípọn bí awọ màlúù.

"Ta ló kó èyí síbẹ̀?"

"Ìwọ ni," Jùbrílù ní. "Ọdún tí mo húkọ́ délé."

"Ẹ máa ń dà á bora?"

"Mo máa ń ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ooru rẹ̀ pọ̀."

Ìkòkò irin kan tẹ̀lé e, tòun ti ìdérí.

"Èyí ńkọ́?"

"Ìwọ ni. O ní ọbẹ̀ tí wọ́n bù sínú ike kì í dùn mọ́ tó bá di ọjọ́ kejì."

Kẹ́tùrù àlùwàlá méjì wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀kan jò nígbà kan. Láńtàànì méjì wà níbẹ̀, nítorí pé gíláàsì ọ̀kan fọ́ nígbà kan. Ìgò àgbo ibà, ìgò àgbo inú rírun, ìgò àdín, agolo sadíìnì tí ìpẹtà ti mú létí, bàtà òjò kejì. Bí Sìlífátù bá ṣe ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, ọkọ rẹ̀ á ní, "Ìwọ ni." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ṣe ló dà bí ẹni tó ń pe orúkọ àwọn ọmọ. Sìlífátù yí ìgò àgbo ibà náà wò. Ìdérí rẹ̀ ò tíì ṣí rí.

"Ẹ ò lo ìkankan nínú wọn?"

"Mo lo kẹ́tùrù kan."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò yọ wọ́n sílẹ̀? Láti ọdún gbọọrọ yìí!"

Jùbrílù wo ilẹ̀. Ó gbọn eruku kúrò létí kúbùsù, bẹ́ẹ̀ kò sí eruku níbẹ̀.

"Tí mo bá yọ wọ́n sílẹ̀," ó ní, "o máa rí wọn nílé lẹ́yìn tí mo bá lọ. O ò ní lè sùn."

Sìlífátù dìde, ó ní nǹkan ń jóná nílé ìdáná. Kò sí nǹkan tó ń jóná nílé ìdáná. Ó dúró síbẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú, ó bu omi mu, ó sì padà wá jókòó.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹrù tèmi la ó kọ́kọ́ sọ̀."

Wọ́n kó wọn sọ́tọ̀, wọ́n ga bí òkìtì. Ìjà kan ṣoṣo tó wáyé, orí rédíò ni. Rédíò náà tóbi, ó ń jẹ bátìrì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, kò sì sí ẹni tó kó o sínú àpò bí kò ṣe Jùbrílù fúnra rẹ̀.

"Èmi ti yọ kúbùsù mi," Sìlífátù ní.

"Kúbùsù kì í sọ̀rọ̀."

"Ṣé kò sí ẹyẹ nínú igbó ni? Ẹyẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹyẹ ò mọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Jùbrílù wá gbé rédíò náà lé orúnkún ìyàwó rẹ̀. "Máa bá mi gbọ́ ọ," ó ní. "Tí mo bá dé, kó o ròyìn fún mi."

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó gbogbo ìyẹn kúrò tán, tí ó tún gbé àpò kọ́, apá òsì ló ṣì ń tẹ̀ sí bí àkàbà tí kò dúró dáadáa. Kánfáàsì náà wúwo lọ́tọ̀. Tapólì tún wúwo jù ú lọ.

"Tí wọ́n bá wá mu òjò," Jùbrílù ní, "ṣe ló ń dà bíi pé mo pọn òkú ewúrẹ́."

Sìlífátù fọwọ́ tẹ kánfáàsì náà wò. Ọ̀rọ̀ ti kan aṣọ báyìí, ìdí òwú àti abẹ́rẹ́ sì ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Mùsílíù tó ń tún agboòrùn ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ní Ṣàpọ́n, ó ní kó kó gbogbo aṣọ agboòrùn tí irin wọn ti ṣẹ́ fún òun. Mùsílíù rò pé ó fẹ́ fi nu ilẹ̀ ni. Sìlífátù tú wọn, ó gé ibi tó ti gbó dà nù, ó rán èyí tó kù mọ́ra lórí ẹ̀rọ, ó ṣẹ́ ojú rírán po, ó tún fi àbẹ́là pa á kí omi má baà rí ọ̀nà gbà. Dúdú wà níbẹ̀, búlúù wà níbẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ ní òdòdó pupa. Nígbà tó ká a, inú igbá kékeré kan gbà á.

Ti òrùlé nìyẹn. Ó ku ibùsùn, aṣọ agboòrùn ò sì lè gbé ọkùnrin dúró. Sìlífátù wá rántí oníbàárà rẹ̀ kan, Bàbá Ọ̀ṣúnṣínà, àgbà apẹja tó máa ń ra òwú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, òwú tín-ín-rín tí ọ̀bẹ ń làágùn kó tó gé e. Etí odò Ògùn ni abúlé bàbá náà wà, lápá Owódé. Sìlífátù ti ìsọ̀ pa, ó kó òwú ọ̀rá sínú apẹ̀rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ dé Owódé, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ó bá bàbá náà lábẹ́ ibòji, tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun ń dán lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ìyá Títí! Káàbọ̀ o. Ṣé àlàáfíà lo bá wá? Ọjà kì í sáà tọ oníbàárà lọ sílé."

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Mo ní kẹ́ ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń hun àwọ̀n ni."

"Àwọ̀n? Ẹja wo lo fẹ́ fi mú?"

"Ọkọ mi ni."

Bàbá Ọ̀ṣúnṣínà rẹ́rìn-ín títí àwọ̀n fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹja ńlá nìyẹn! Ṣé kò tíì kó sí i láti ọjọ́ yìí ni?"

"Ó ti kó sí i tipẹ́. Ibi tó máa sùn sí ni mò ń wá."

Ó wá rò fún bàbá náà: èjìká tó kán, kánfáàsì tó wúwo, àga tó ń dúró de ọkọ rẹ̀ létí títì. Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mú igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n, ó wé òwú ọ̀rá mọ́ ọn, ó sì fi han Sìlífátù bí wọ́n ṣe ń ta kókó kìíní.

"Àwọ̀n ẹja àti àwọ̀n èèyàn ò dọ́gba," ó ní. "Ẹja fẹ́ sá jáde; èèyàn fẹ́ sinmi. Fa gbogbo kókó rẹ kó dọ́gba. Tí ọ̀kan bá le ju ìyókù lọ, òun nìkan ni yóò máa gbé ọkọ rẹ. Kò ní pẹ́ já."

Ọ̀ṣungbèmí, ìyàwó bàbá, gbé iṣu sísun àti epo wá fún wọn. Ọwọ́ tó ti fi òwú ṣòwò tipẹ́ kò pẹ́ kọ́ ọ. Kí oòrùn tó yẹ̀, Sìlífátù ti ń ta kókó láìbéèrè. Nígbà tó ń lọ, bàbá náà gbé ìbẹ̀rẹ̀ àwọ̀n náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wọ́n omi odò sí i, ó sì wúre pé kí Ọ̀ṣun gbé ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Sìlífátù ṣe àmín. Ó sì fi bísímílà ta kókó tó tẹ̀lé e.

Ìgbà ọyẹ́ ló fi hun ún, nínú ìsọ̀, láàárín ẹni tó wá ra bọ́tìnnì àti ẹni tó wá ra síìpù. Ọjọ́ tó parí, wọ́n so ó láàárín igi máńgòrò àti òpó ẹ̀yìnkùlé. Jùbrílù bọ́ bàtà, ó jókòó sí i, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé. Àwọ̀n náà gbà á mọ́ra láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ó dà bíi pé kò sí nǹkan lábẹ́ mi," ó ní.

Kò tíì sọ ọ́ tán tí kò fi sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rá ń yọ̀, okùn tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò sì ń tú díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ garawa sínú kànga, títí ìdí rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

"Èjìká yín!" Sìlífátù sáré kúnlẹ̀ tì í, ó ń fọwọ́ wá egungun kiri. Jùbrílù di ojú, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ìrora ni, àfi ìgbà tí omijé bọ́ lójú rẹ̀ tí ohùn jáde: ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí Sìlífátù fi lù ú láyà pẹ́pẹ́, tí òun náà wá jókòó sílẹ̀, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó jí máńgòrò ká.

Ìgbànú aṣọ líle, irú èyí tí àwọn aránṣọ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ni Sìlífátù fi yanjú ìyẹn. Ó rán an ní ìlọ́po méjì, ó ṣe ojú okùn sí i ní ìpẹ̀kun, wọ́n sì yí i mọ́ igi kí okùn tó kàn án. Kò yọ̀ mọ́. Jùbrílù fọwọ́ pa èèpo igi náà.

"Okùn àtijọ́ máa ń bó àwọn igi lára," ó ní. "Èyí ò ní dùn wọ́n."

Nígbà tí ọyẹ́ lọ, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé fúnra rẹ̀ ló bá a dé etí igbó. Ó wo àpò tó wà lẹ́yìn Jùbrílù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé ẹrù yín sílé."

"Gbogbo rẹ̀ rèé, ọ̀gá."

Ó wọ igbó lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà yàn láti rọ̀, ó rọ̀ bí ẹni bínú. Sìlífátù gbọ́ ọ lórí páànù. Kí n má parọ́, ẹ̀rù bà á, ó sì ro kúbùsù tó wà nínú àpótí. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó mọ kókó kọ̀ọ̀kan tó gbé ọkọ rẹ̀ dúró, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló ta wọ́n. Ó gbàdúrà, ó sùn.

Jùbrílù délé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ àti ẹ̀rín lẹ́nu.

"Mo sùn bí ọmọ tuntun," ó ní. "Àfi orúnkún mi nìkan ló wẹ̀, èmi fúnra mi ò wẹ̀."

"Orúnkún? Ó jò?"

"Díẹ̀ báyìí."

Sìlífátù gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí oòrùn, ó sì rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó pupa: ojú rírán kan tó gbàgbé láti fi àbẹ́là pa. Ojú tì í. Ọkọ rẹ̀ ní kó má ṣe dààmú, pé orúnkún náà ti ń fẹ́ wẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíì tó máa jókòó sórí àga yẹn."

Nígbà tí ewé tíìkì rú dáadáa, Jùbrílù ní kí Sìlífátù tẹ̀ lé òun lọ wo ibẹ̀, kó lọ lówùúrọ̀, kó bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tó fi ń wá àwáwí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wé gèlè kékeré, ó tẹ̀ lé e.

Igbó náà ò rí bó ṣe ń rí i láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Ìjemọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín ewé ńláńlá wọlé, ilẹ̀ tutù, atẹ́gùn ń rìn kiri láìsí ariwo. Jùbrílù já ọ̀mùnú ewé tíìkì kan, ó fún un sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi làálì ìyàwó tuntun. Ó so àwọ̀n náà mọ́ igi méjì, ó dì í mú fún un kó má baà fì, Sìlífátù sì gun orí rẹ̀ tẹ̀rù-tẹ̀rù, ó di etí rẹ̀ mú gírígírí. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó sùn lọ.

Jùbrílù ní iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Kò ṣe é. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ewé kan lé eṣinṣin fún un.

Oòrùn ti yẹ̀ nígbà tí Sìlífátù lajú. Ó wo àwọn ewé tó wà lókè.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyí."

"Ẹ ò sì sọ fún mi rí."

"Ìgbà tí mo bá dé ni mo máa ń sọ ọ́. Tí mo bá ní igbó dára, ìwọ á ní kí n lọ wẹ̀."

Wọ́n kírun, wọ́n jẹ búrẹ́dì tí wọ́n gbé wá, wọ́n sì jọ ká àwọ̀n náà. Iṣẹ́ ti ń dúró. Jùbrílù mú búrọ́ọ̀ṣì, Sìlífátù bá a gbé agolo ọ̀dà funfun, wọ́n sì ń lọ láti ìdí igi kan sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ìkejì, Sìlífátù ní èyí ò tíì tó gé, kó fi í sílẹ̀ kó tún sanra díẹ̀ sí i. Jùbrílù ní ó ti tó. Sìlífátù fa agolo ọ̀dà sẹ́yìn. Jùbrílù wo igi náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó sì gbà fún un.